Bí A Ṣe Ń Yọ Gọ́ọ̀mù Kúrò Lójú Dígí Láì Fi Ìlà Sílẹ̀

Dígí tuntun dé láti Ìdúmọ̀tà, ẹ ya bébà iye owó tó wà lójú rẹ̀, ìdajì ya, ìdajì kù. Ẹ fi èékánná họ ọ́, ó di dúdú. Ẹ fi omi nù ún, ó ń fà bí ilá. Ibi tó bá dé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń nawọ́ sí kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Gọ́ọ̀mù á kúrò lóòótọ́, àmọ́ ìlà tí irin yẹn bá fà sójú dígí kò ní kúrò mọ́. Gbogbo ìgbà tí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé ni ẹ ó máa rí i.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ dígí ló ní ohun kan nínú ilé, tàbí ní kẹ́mísìtì àdúgbò, tó ń mú un rọ̀. Ẹ mọ èwo lèwo, ẹ fi síbẹ̀, ẹ dúró. Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fún òróró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ní nílò agbára. Ẹni tó fún un ní ìṣẹ́jú méjì péré ló máa ń wá abẹ kiri.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú dígí tó wà níwájú yín

Gíláàsì ló wà níwájú dígí ilé. Ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ni fàdákà wà (alumíníọ̀mù ni nínú àwọn kan), ó sì tín-ín-rín débi pé kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Ọ̀dà ni wọ́n kùn bo fàdákà náà lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ àti omi má bàa jẹ ẹ́. Ọgbọ́n dída fàdákà sẹ́yìn gíláàsì yìí ti wà láti ọdún 1835, ọ̀dọ̀ Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Àkọ́kọ́, ojú dígí le: òróró, kẹrosíìnì, sípírítì, ásítóònù, kò sí èyí tó lè jẹ gíláàsì nínú wọn. Ìkejì, etí dígí kò ní ààbò. Etí ni fàdákà àti ọ̀dà parí sí, ibẹ̀ sì ni omi ti ń yọ́ wọlé. Bí fínígà, Hypo tàbí ohun ìnugíláàsì tó ní àmóníà bá gba etí wọlé lemọ́lemọ́, etí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, dúdú náà á sì máa ràn lọ sáàárín bíi tádàwà lórí bébà. Kò sí oògùn rẹ̀, àfi kí onídígí gé ibi tó bàjẹ́ kúrò tàbí kí ẹ ra òmíràn. Ní Èkó, pàápàá jù lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ọ̀sà àti òkun kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan ti ń bá etí dígí jà tẹ́lẹ̀. Ẹ má tún fi omi kún un fún un.

Bí gọ́ọ̀mù bá wà lẹ́yìn dígí, lórí ọ̀dà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó máa rí i, ohun tó bá sì lè yọ ọ́ lè yọ ọ̀dà náà mọ́ ọn.

Dígí ike tún wà. Ó pọ̀ nínú dígí àwọn tó ń ṣe èékánná, dígí ọmọdé, àti àwọn dígí kékeré olójú púpọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ásítóònù á yọ́ ọ bí ìgbà tí omi bá kan ṣúgà, sípírítì náà lè mú kí ara rẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Ẹ fi èékánná kàn án kí ẹ gbọ́: gíláàsì á dún gan-ran, ohùn ike á kú. Gíláàsì máa ń tutù lọ́wọ́ ju ike lọ. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀. Bí ojú yín bá wọ́ tàbí tó fẹ̀ nínú rẹ̀, ike ni. Omi ọṣẹ, òróró àti ìka ọwọ́ nìkan ni kí ẹ lò fún irú èyí. Abẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, káàdì líle pàápàá lè ha á.

Ẹ tún wo igun dígí ńlá ara wọ́dúróòbù dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sínú gíláàsì fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le. Èérún gíláàsì tín-tìn-tín máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Abẹ á já wọn, á sì wọ́ wọn káàkiri. Ẹ má lo abẹ fún un.

Iyanrìn ló ń fa ìlà

Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Mohs, láti 1 dé 10, tí wọ́n fi ń mọ ohun tó lè ha ohun mìíràn. Gíláàsì wà ní nǹkan bí 5.5. Iyanrìn wà ní 7. Ìyẹn ni pé ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo, èyí tí ojú ò lè rí, le ju dígí yín lọ. Abẹ irin tó mọ́, tó sì jẹ́ tuntun, kò fi bẹ́ẹ̀ le ju gíláàsì lọ. Ẹyọ iyanrìn tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń fa ìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ. Aṣọ kì í ha dígí, eruku inú aṣọ ló ń ha á.

Ẹ wo eruku tó wà lójú dígí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì ní Mushin tàbí ní Ojúẹlẹ́gba. Iyanrìn títì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ náà kún un. Tí ẹ bá gbé àkísà gbígbẹ, tí ẹ fi pa irú ojú dígí bẹ́ẹ̀ kíkan-kíkan, ẹ ti fi iyanrìn pa á nìyẹn. Èyí ló fà á tí fífọ eruku kúrò fi ṣíwájú ohun gbogbo, bí gọ́ọ̀mù náà ò tilẹ̀ ju ẹyọ kọ́bọ̀ lọ.

Àwọn nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ kan ojú dígí: kànìnkànìn onírin, ẹ̀yìn sìpọ́ńjì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń fọ abọ́ (ohun tó le ju gíláàsì lọ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀), eérú, pọ́ńdà ìfọkòkò, ọ̀bẹ ìdáná, àti àkísà tí wọ́n ti fi nu ilẹ̀ rí. Ẹ lè fọ àkísà yẹn títí, iyanrìn á ṣì wà nínú òwú rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù wo ni?

Bébà iye owó àti sẹ́lótéèpù ló wọ́pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù ara wọn kì í gbẹ pátápátá, ó máa ń fà mọ́ ìka. Òróró tàbí kẹrosíìnì máa ń wọ inú rẹ̀, á mú un wú, á sì jẹ́ kó tú kúrò lára gíláàsì. Àmọ́ òróró kì í gba inú bébà tàbí ọ̀rá kọjá dáadáa, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ ká òkè kúrò. Sẹ́lótéèpù tí oòrùn ti pa fún ọdún méjì-mẹ́ta á ti pọ́n, á sì gbẹ bí èèpo. Òróró ṣì ń mú un, kó ṣáà sùn mọ́ ọn lára.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò máa ń rọ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Súpà gúlú máa ń le, á sì mọ́ gaara tàbí kó funfun; ásítóònù ni tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù oníṣẹ́ bàtà, èyí tó pọ́n tó sì ń rùn gidi, máa ń wú bí kẹrosíìnì tàbí ásítóònù bá kàn án, ẹ ó wá fi ìka yí i kúrò. Sílíkóònù máa ń rí bíi rọ́bà, èékánná máa ń wọ inú rẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú gbogbo èyí tó ń yọ́ ọ. Gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ló burú jù. Bó bá ti gbẹ tán, ó di òkúta.

Dígí onídìrí ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ṣípíréè irun, gọ́ọ̀mù wíìgì àti gọ́ọ̀mù ìpéǹpéjú máa ń fọ́n sí i lójoojúmọ́ títí á fi ṣú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Sípírítì máa ń yọ ṣípíréè kíá, ó sì ń mú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù wíìgì náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, bí wọn ò bá jẹ́ kó di ìpele-ìpele.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Aṣọ maikrofáíbà mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn awakọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó lò wọ́n, torí etí títì ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún òróró àti sípírítì, ọ̀kan fún nínù gbẹ. Kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ ara wọn. Aṣọ funfun àtijọ́ tó jẹ́ òwú pọ́ńbélé náà lè ṣe é, ẹ ṣáà ti gé bọ́tìnì àti síípù kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́, òróró ẹ̀pà ṣíbí méjì (epo pupa kọ́ o, ó máa ń ba férémù igi jẹ́), sípírítì ìgò kékeré kan láti kẹ́mísìtì, òwú, ọ̀rá, káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tọ́wẹ́lì méjì àti téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò. Bó bá jẹ́ súpà gúlú, ẹ fi ásítóònù kún un; ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan èékánná ní Balógun tàbí Tejúoṣó ni ẹ ó ti rí i. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ti po epo tàbí lọ́fínńdà mọ́, ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú dígí.

Ìdí tí a fi ń sọ píọ̀ wọ́tà ni pé omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní irin nínú. Tó bá gbẹ sójú dígí, àmì á kù, ẹ ó wá rò pé gọ́ọ̀mù ló ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀

1. Bí ó bá ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Gíláàsì tó nípọn tó mílímítà 4, tó wọ́pọ̀ nínú dígí ilé, wúwo tó kílò 10 bó bá jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òòró, nítorí náà èèyàn méjì ni kó gbé dígí ńlá. Ẹ gbé e ní ìdúró, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e ní pẹrẹsẹ lọ́wọ́, ìwúwo ara rẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ká, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí kò bá ṣeé sọ̀, ẹ ká tọ́wẹ́lì gbígbẹ, kí ẹ fún un mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa mu ohunkóhun tó bá ṣàn.

2. Ẹ lẹ téèpù bébà yí etí ká, kó gun ojú gíláàsì tó mílímítà 3 kó sì bo férémù. Férémù igi tí wọ́n fi pọ́líìṣì kùn kò fẹ́ràn sípírítì rárá. Ó máa ń yọ́ pọ́líìṣì, á sì fi ojú funfun sílẹ̀. Bó bá jẹ́ dígí tó ní iná, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí omi kankan tó kàn án.

3. Ẹ po omi: píọ̀ wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan, àti ìdajì ṣíbí tíì ọṣẹ. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 40 °C, kó má gbóná. Bí yàrá bá ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ẹ pa á kí ẹ dúró díẹ̀, torí omi gbígbóná lójú gíláàsì tútù lè mú un sán. Ẹ ti aṣọ bọ omi, ẹ fún un, kí ẹ wá fi nu gbogbo ojú dígí láti òkè wá sísàlẹ̀, láì tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n fífi ọwọ́ pa orí ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí aṣọ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ yí ojú rẹ̀ padà. Ìgbà tí aṣọ bá ń bọ̀ láì dúdú mọ́ ni ẹ tó lè kọjá síbi gọ́ọ̀mù. Omi kò gbọdọ̀ tara ìgò ìfọ́n lọ sójú dígí. Ara aṣọ ni kí ẹ fọ́n ọn sí.

4. Bí bébà bá ṣì wà lórí gọ́ọ̀mù, ẹ rẹ tíṣù sínú omi ọṣẹ, ẹ tẹ́ ẹ lé e, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má bàa gbẹ. Ìṣẹ́jú 15. Bébà á ti di ẹ̀kọ, ẹ ó sì fi àtàǹpàkò yí i kúrò. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ló wà lókè, bíi ti sẹ́lótéèpù, omi ò ràn án. Ooru ni: bí iná bá wà, ẹ gbé dráyà irun jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40, kí ẹ wá mú etí téèpù, kí ẹ ká a padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn sójú dígí bẹ́ ẹ ṣe ń fà á. Ẹ má fà á sókè, ibẹ̀ ló ti ń já tí gọ́ọ̀mù fi ń kù. Bí kò bá sí iná, aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná tí ẹ fún dáadáa, tí ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, á ṣe iṣẹ́ kan náà.

5. Òróró kàn báyìí. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ kí ẹ tó fi í, nítorí òróró kì í wọ ibi tí omi bá wà. Ṣíbí tíì kan tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún sẹ́lótéèpù tó ti pẹ́, wákàtí méjì tàbí kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti jinná tí gọ́ọ̀mù bá ti ṣú, tó ń yí lábẹ́ ìka bí ìdọ̀tí ara nígbà tí a bá ń fi kànìnkànìn wẹ̀. Ẹ fi ìka yí i, kí ẹ fi etí káàdì báńkì ti èyí tó kù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ nu etí káàdì náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tì í. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń fi agbára tẹ káàdì, kò tíì jinná. Ẹ fi òróró míì kún un kí ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, dígí sì mọ òwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kẹrosíìnì yá ju òróró lọ, ìṣẹ́jú 10 ti tó o. Àmọ́ ó ń rùn, ó sì ń gbaná. Wọ́n tún máa ń da pẹtiróòlù mọ́ kẹrosíìnì nígbà mìíràn, irú rẹ̀ sì ti bú gbàmù rí nínú ilé. Ẹ lò ó kìkì níbi tí kò sí iná sítóòfù, gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí. Pẹtiróòlù fúnra rẹ̀, rárá. Kò sí dígí tó tó ilé rà.

6. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ òróró kúrò, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá ta sípírítì sára òwú, kó rin, kó má máa kán. Ẹ nu ibẹ̀ ní ìlà tààrà, kí ẹ máa yí òwú padà. Tí ẹ bá ń nù ún ní òbìrípo pẹ̀lú òwú kan ṣoṣo, ẹ kàn ń gbé gọ́ọ̀mù káàkiri ni, ìdí nìyẹn tí ojú dígí fi máa ń ní kùrukùru lẹ́yìn tí ẹ rò pé ẹ ti parí.

7. Ẹ mí èémí sí i. Ibi tó mọ́ á ṣú kan náà, á sì gbẹ kan náà. Bí àwòrán bébà iye owó bá jáde nínú èémí náà, gọ́ọ̀mù tàbí òróró ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sí sípírítì. Bó bá wá ń jáde lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí ẹ ti fi sípírítì nù ún, ojú gíláàsì fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀ níbẹ̀, torí ibi tí bébà bò fún ọdún púpọ̀ kò rí ọ̀rinrin tí ìyókù rí. Kò ní hàn bí kò bá sí èémí, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn alágídí

Súpà gúlú. Ẹ rin òwú kékeré pẹ̀lú ásítóònù, ẹ fi lé gọ́ọ̀mù náà gan-an, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má bàa fẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ fi káàdì tì í, ẹ tún un ṣe. Ó lè gba ìgbà mẹ́rin. Ásítóònù ń yọ́ ike, ó ń yọ́ ọ̀dà férémù, ó sì ń gbaná níbi tó tutù gan-an pàápàá, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là tàbí sìgá nínú yàrá. Ẹ má sì ṣe gbé dráyà irun síbi tí sípírítì, kẹrosíìnì tàbí ásítóònù bá ti kàn.

Téèpù fóòmù olójú méjì, èyí tí wọ́n fi ń lẹ dígí mọ́ ògiri tàbí tí wọ́n fi ń lẹ ìkọ́ mọ́ dígí. Ẹ fi ooru rọ̀ ọ́, kí ẹ wá mú okùn ìpẹja ọ̀rá, tó gùn tó ìdajì mítà, kí ẹ ká a mọ́ ọwọ́ méjèèjì lórí aṣọ, kí ẹ fi rẹ́ àárín fóòmù náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ igi. Ohun tó wà lórí á bọ́, ẹ ó wá fi òróró bá fóòmù tó kù sójú dígí ṣe bíi ti òkè yìí. Bó bá jẹ́ dígí fúnra rẹ̀ ni ẹ ń tú kúrò lára ògiri, kí ẹnì kan dì í mú. Ìgbà tí téèpù ìkẹyìn bá já kì í sọ fún èèyàn.

Sílíkóònù. Ẹ fi káàdì gé èyí tó yọ gọngọ, ẹ fi ìka gbígbẹ pa èyí tó kù títí á fi máa ká bí èérún rọ́bà. Ìpele tó tín-ín-rín tó bá kù, abẹ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa sílíkóònù tó yẹ kí gbogbo onídígí àti káfíńtà mọ̀: èyí tó ń rùn bíi fínígà nígbà tó ń gbẹ kò yẹ kó kan ẹ̀yìn dígí láé. Ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ á jẹ ọ̀dà, á dé ibi fàdákà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ ó máa rí àbàwọ́n dúdú láti iwájú. Ẹ béèrè fún èyí tí kò ní ásíìdì, tí wọ́n kọ “neutral” sí lára.

Gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì: ẹ gbìyànjú ásítóònù fún ìdajì wákàtí, ẹ máa rọ ọ́ sí òwú bó bá ti ń gbẹ, lẹ́yìn náà abẹ. Bí ó bá fẹ̀ ju ẹyọ owó kan lọ tó sì nípọn, ó sàn kí ẹ gbé dígí náà fún ẹni tó ń fi gígé gíláàsì ṣiṣẹ́ ṣe.

Bí ó bá di ọ̀ràn abẹ

Gíláàsì nìkan ni, kì í ṣe ike, kì í ṣe gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun láti inú bébà rẹ̀; ọ̀rinrin Èkó ti máa ń mú kí abẹ àná dípẹtà, ìpẹtà yẹn sì ń ha dígí. Ẹ fi abẹ náà sínú ohun ìdìmú tàbí kí ẹ lẹ téèpù nípọn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó má bàa jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ ó tún máa nù kúrò.

Ẹ rin ibẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ títí á fi máa yọ̀. Abẹ kò gbọdọ̀ kan gíláàsì gbígbẹ. Ẹ dà á kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, nǹkan bíi dígíríì 30, kí gbogbo etí rẹ̀ kan gíláàsì, kì í ṣe igun. Ẹ tì í síwájú tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, ẹ gbé e sókè, ẹ nù ún, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ má fà á padà sẹ́yìn lórí gíláàsì, ìgbà ìfàpadà ni èérún tó há sábẹ́ rẹ̀ máa ń fa ìlà. Ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú: abẹ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó bá dún gaga, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, iyanrìn ti wọ ibẹ̀. Ẹ fọ ojú dígí, kí ẹ pààrọ̀ abẹ.

Ìnù ìkẹyìn

Ẹ tú téèpù bébà, ẹ nu etí dígí gbẹ kí ẹ tó nu àárín. Aṣọ kẹta, èyí tí kò tíì kan òróró, ni kí ẹ fi píọ̀ wọ́tà díẹ̀ rin, kí ẹ fi nu gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ wá fi apá gbígbẹ rẹ̀ tẹ̀ lé e kí omi tó gbẹ fúnra rẹ̀. Ọjà fínígà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń polówó kò pọn dandan níbí. Hypo kò sì ní iṣẹ́ kankan lójú dígí. Bó bá pàdé fínígà tàbí àmóníà, èéfín tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń jáde, ẹ má sì pò ó mọ́ sípírítì tàbí ásítóònù náà.

Bí ẹ bá rí ìlà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi èékánná gbà á kọjá. Bí èékánná kò bá kọ́, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni, ìyẹ̀fun sẹ́ríọ́ọ̀mù (“cerium oxide”) tí àwọn tó ń dán gíláàsì ọkọ̀ ń lò, pẹ̀lú omi àti aṣọ fóòmù, lè dín in kù tí ẹ bá ní sùúrù. Ọṣẹ ìfọyín ò lè ṣe é. Bí èékánná bá kọ́, ó ti jìn, dídán rẹ̀ á kàn ṣe kòtò tí yóò máa wọ́ ojú èèyàn, kí ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí etí dígí fẹ́ atẹ́gùn fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé e padà sára ògiri, kí ẹ sì fi àyè tó mílímítà 3 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri balùwẹ̀.